Ẹ̀jẹ̀ Kan Kò Kán Sílẹ̀, Inú Ló Ń Dà Sí

Ògo! Ògo fún Ẹni tó mọ inú ọmọ ènìyàn ju onínú lọ! Ẹ bá mi yìn ín o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Mo ní ẹ yìn ín!

Ẹ ṣeun. Ẹ jókòó.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ lọ́kàn wọn. Wọ́n ń sọ pé, "Tísà tún ti dé. Ṣé kì í ṣe ọkùnrin yìí ló jẹ́rìí lóṣù díẹ̀ sẹ́yìn lórí ìjàǹbá ọkọ̀?" Èmi náà ni. Ìjàǹbá kan náà sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí mo jẹ́ lọ́jọ́ náà kò pé, mo sì wá tún un ṣe níwájú ẹ̀yin kan náà tẹ́ ẹ gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Mo lọ wo oko ẹ̀gẹ́ mi ní Alajue, mo sì wọ takisí pa dà sílé. Kàmọ́rù, ọmọ àdúgbò wa, ló ń wà á. Èmi nìkan ni èrò ẹ̀yìn, mo fara ti ilẹ̀kùn apá òsì. Ó kù díẹ̀ ká wọ ìlú nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ilé iṣẹ́ kan já wọ títì láti ọ̀nà ẹ̀gbẹ́. N ò ní dárúkọ wọn. Gbàà! Ilẹ̀kùn tí mo fara tì wọlé wá bá mi. Takisí pòyì, ó lọ forí sọ kòtò.

Mo jáde fúnra mi. Ẹ gbọ́ o, fúnra mi! Mo gbọn aṣọ mi nù. Mo wo apá, mo wo ẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kan kò kán sílẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá dé, wọ́n kọ orúkọ gbogbo wa.

Kàmọ́rù ní, "Tísà, ẹ jẹ́ ká dé ọsibítù."

Mo ní, "Kí ni wọ́n fẹ́ tọ́jú níbẹ̀? Eruku? Egungun àwa tá a fi iṣu gidi tọ́ nìyí, kì í ṣe ti ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n fi núdùsì tọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, a sì lọ sílé. Áà! Ẹnu mi ni ì bá pa mí.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, mo dúró síbí yìí gan-an. Mo fò sókè. Mo ní irun orí mi kan kò bọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ sì mọ̀ pé irun ọ̀hún kò pọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ jó. Àwọn ọ̀dọ́ yà mí ní fídíò, wọ́n fi ránṣẹ́ káàkiri. Ohun tí n kò sọ fún yín ni pé bí mo ṣe fò yẹn, nǹkan gún mi lábẹ́ ìhà òsì. Mo fi ẹ̀rín bò ó.

Láti ìgbà náà, ara mi kò jẹ́ tèmi mọ́. Èjìká òsì ń dùn mí, bẹ́ẹ̀ nǹkan kan kò gbá a. Bí mo bá jẹ òkèlè méjì, ikùn á kún. Bí mo bá dìde, òòyì á kọ́ mi. Kí ló dé tí n kò sọ? Ojú ló ń tì mí, ẹ̀yin ará. Mo ti jẹ́rìí! Báwo ni ẹni tó jẹ́rìí lọ́jọ́ Ìsinmi ṣe máa lọ tò sọ́sibítù lọ́jọ́ Ajé? Mo rò pé bí mo bá fẹnu pe ìrora náà, mo ti sọ Ọlọ́run di òpùrọ́ nìyẹn. Mo wá ń gbàdúrà ní kọ̀rọ̀, mo ń fi ìpara ra èjìká.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, Ìyá Bùnmi, ìyàwó mi, gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín síwájú mi. Ó dúró, ó ń wò mí.

"Bàbá Bùnmi, mọ́ínmọ́ín yìí fọ́ o."

Mo ní, "Ó dára."

"Iyọ̀ ẹ̀ tún pọ̀."

"Kò burú."

"Kò burú kẹ̀?" Ó fa àga, ó jókòó. "Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yín, mọ́ínmọ́ín mi kan ò tíì fọ́ kẹ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta rè é tẹ́ ẹ ò tíì fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀ kankan. Nǹkan ń ṣe yín. Ẹ na ọwọ́ yín wá."

Ó yẹ àtẹ́lẹwọ́ mi wò. Ó funfun bí ẹ̀kọ tó wà nínú abọ́. Òógùn tútù ń ṣàn lọ́rùn mi.

"Jésù! Ẹ dìde, ọsibítù yá."

"Lẹ́yìn ẹ̀rí tí mo jẹ́?"

"Ẹ̀rí kọ́ ló máa ṣe opó, Bàbá Bùnmi. Èmi ni."

Ẹ yin Olúwa fún obìnrin yìí!

A dé ọsibítù. Dókítà tẹ ikùn mi, mo pariwo. Ó bi mí pé, "Bàbá, ǹjẹ́ ẹ ṣubú láìpẹ́ yìí, àbí ọkọ̀ kọ lù yín?" Mo ní rárá. Ẹ dárí jì mí, ará. Mo ń kú lọ, síbẹ̀ mò ń parọ́ kí ẹ̀rí mi má bàa bàjẹ́.

"Irọ́ ni o, dókítà!" Ìyá Bùnmi ké. "Ọkọ̀ kọ lù wọ́n lọ́jọ́ Jímọ̀! Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níṣojú mi!"

Dókítà kọ ọ́ sínú káàdì. Wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ inú mi wò, ojú dókítà sì yí pa dà. Ó ní, "Ẹ̀yà ara kan wà lábẹ́ ìhà òsì tó máa ń kún fún ẹ̀jẹ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ gbá yín ló ti fọ́. Awọ tó bò ó ló di ẹ̀jẹ̀ náà mú láti ọjọ́ yìí. Awọ ọ̀hún ti ń ya. Ẹ̀jẹ̀ ti ń dà sínú ikùn yín. Tẹ́ ẹ bá dúró di ọ̀la, n ò mọ ohun tá à bá máa sọ."

Di ọ̀la! Ọlọ́run, o ṣeun! O ṣeun, Bàbá!

Wọ́n ní kí a wá ẹ̀jẹ̀. Àlàájì Ràṣídì tó múlé ti wa ló kọ́kọ́ na apá. Títí di òní ni Ìyá Bùnmi ń sọ pé kò ní ya òun lẹ́nu bí èmi Onítẹ̀bọmi bá jí lọ kírun àsùbá. Àlàájì, Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, mo sì jí. Mo jí o!

Ṣùgbọ́n wàhálà kò tíì tán. N kò lè dúró kọ́ ọmọ ilé ìwé. Ìyá Bùnmi, tó jẹ́ pé aṣọ rírán ni iṣẹ́ rẹ̀, ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ méjèèjì sórí ìtọ́jú mi. A tọ máníjà ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ náà lọ. Kò bú wa. Ó kàn fa fóònù rẹ̀ yọ, mo sì rí ara mi tí mò ń fò.

"Bàbá, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọ́ nínú ilé Ọlọ́run pé nǹkan kan ò ṣe yín. Ṣé kí n máa pe ẹni Ọlọ́run lónírọ́ ni?"

Mo dorí kodò, n kò lè wo ojú ìyàwó mi.

Kàmọ́rù ló mú wa lọ sọ́dọ̀ lọ́yà kan láàárín ìlú, obìnrin tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó wo fídíò náà tán.

"Bàbá, ṣé dókítà ni yín?"

"Rárá, tísà ni mí."

"Ta ló wá sọ fún yín lọ́jọ́ náà pé nǹkan kan ò ṣe inú yín?"

"Èmi fúnra mi ni."

"Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fojú rí. Ojú ò rí inú. Ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ náà máa bi yín bóyá ẹ mọ ìrora kankan bẹ́ ẹ ṣe ń fò yẹn. Ẹ ò gbọdọ̀ parọ́ fún wọn."

Díákónì wa kan gbọ́, ó wá bá mi nílé. Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́: "Tísà, ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sọ pé ẹ̀rí yẹn ò rí bẹ́ẹ̀, kí ni ayé máa sọ nípa ìjọ wa?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ọjọ́ méjì ni mo fi rò ó. Ìyá Bùnmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ló fi ń rán aṣọ oníbàárà.

Ní ọjọ́ tí àwa àti ilé iṣẹ́ náà ṣèpàdé, lọ́yà wa tẹ́ ìwé ọlọ́pàá sílẹ̀, ó gbé káàdì ọsibítù lé e, ó gbé lẹ́tà dókítà lé e. Lọ́yà tiwọn yíjú sí mi: "Bàbá, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fò, ṣé ó dùn yín?"

Mo ní, "Ó dùn mí. Mo fi pamọ́ nítorí ojú tì mí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi pamọ́ fún dókítà pàápàá."

Ọkùnrin náà ka káàdì lẹ́ẹ̀mejì. Ó rí ọjọ́ Jímọ̀ níbẹ̀, ó rí i nínú ìwé ọlọ́pàá. Ó fẹnu sí máníjà létí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì fọwọ́ sí i, pé àwọn ni àwọn máa ru ìnáwó ìtọ́jú mi àti gbogbo àdánù wa. Wọ́n sì ṣe é! Ẹ̀rọ ìránṣọ ti ń dún nílé wa. Halelúyà!

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹ gba ẹ̀rí yìí dípò ti ìjọ́sí. Ọlọ́run kò parọ́. Èmi ni mo sọ ohun tí n kò mọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, lọ́yà, Kàmọ́rù, àti ìyàwó mi. Ẹ má fi àìrí ẹ̀jẹ̀ tan ara yín. Lílọ sọ́sibítù kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Ẹ tọ́jú gbogbo ìwé yín. Ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀, kó wá ẹni tó mọ òfin kó tó pẹ́ jù.

Bàbá Adéoyè, mo rí yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn. Mo gbọ́ pé ọ̀kadà gbé yín ṣubú ní Ọjọ́bọ̀. Látàárọ̀ lẹ ti ń fọwọ́ di ìhà mú, tẹ́ ẹ sì ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn. Ẹ má bínú pé mo pè yín láàárín ìjọ. Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá orin. Bàbá, ẹ dìde, ẹ fọwọ́ lé mi léjìká, ọkọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí wọn kò bá rí nǹkan kan nínú yín, ẹ wá jẹ́rìí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Èmi ni màá kọ́kọ́ bá yín jó.