Onídùúró Mi ní Àgége

Nígbà tí mo ṣì wà ní ọ̀dọ́, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, òwú ni mo máa ń rí lójú àlá. Òwú funfun, tó ń fò kiri bí ọyẹ́... Ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Láàárọ̀, bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ á wá gbé wa ní Àgége, lẹ́bàá ojú irin. Bí a bá wọlé, òwú á bò wá lórí, gbogbo wa á dà bí arúgbó. A ó máa fi ara wa rẹ́rìn-ín.

Àwọn alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn ṣọ́jà nígbà náà. A rò pé nǹkan á dẹ̀rọ̀. Àfi bó ṣe di pé òwú tó ń ti òkè òkun wá kò dé mọ́. Ẹ̀rọ dákẹ́. Wọ́n ní ká máa lọ sílé, pé àwọn á ránṣẹ́ sí wa. Ta ni wọ́n ránṣẹ́ sí?

Bàbá yín àgbà, káfíńtà ni, iṣẹ́ tirẹ̀ náà kò lọ déédéé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ó ní, "Ìyá Dúpẹ́, Ìkọ̀lé, ìlú wa, là ń lọ. Èkó ti lé wa." Mo bẹ̀ ẹ́ kó fún mi lóṣù kan péré. Torí mo mọ aṣọ rán, ìyá mi ló kọ́ mi, ilé ìwé tuntun sì ń hù káàkiri Àgége bí olú. Ṣé ìhòòhò ni àwọn ọmọ á wọ kíláàsì?

Ẹ̀rọ ìránṣọ ni mi ò ní. Àwa obìnrin ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí mò ń lọ. Wọ́n máa ń yáni lówó ìṣòwò, ṣùgbọ́n ẹni tí kò níṣẹ́ gbọ́dọ̀ mú onídùúró wá, tí yóò san án bí ẹni tó yá a ò bá rí i san. Mo lọ bá àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́; àwọn náà ti wà nílé. Mo lọ bá ọmọ ìyá mi kan ní Ìlúpéjú. Ó fún mi lóúnjẹ, ó sìn mí dé ọ̀nà, ó ní kí Ọlọ́run ràn mí lọ́wọ́.

Ẹ gbọ́ o. Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́, Ìyá Rántí, tí wọ́n ń ta kẹrosíìnì níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbé wa. Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wa. Mi ò tilẹ̀ lọ bẹ̀ wọ́n. Níbi ìpàdé ni wọ́n ti dìde, wọ́n ní àwọn á dúró fún mi. Akọ̀wé béèrè bóyá wọ́n mọ̀ mí. Wọ́n ní:

"Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń rí i tó ń kọjá lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Kò pẹ́ rí. Ẹni tí kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́ oníṣẹ́, ṣé tirẹ̀ ni yóò wá fi ṣeré?"

Mo sunkún níbẹ̀.

Mo ra ẹ̀rọ, àlòkù ni. Ọ̀gá ilé ìwé kan, obìnrin, ní kí n rán yúnífọ́ọ̀mù kíláàsì kan. Nígbà tí mo gbé e lọ, wọ́n ní ọrùn rẹ̀ há jù, kò sí orí ọmọ tó lè gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n fún mi lọ́jọ́ mẹ́ta.

Mi ò lè sọ fún ọkọ mi. Ọ̀dọ̀ Ìyá Rántí ni ẹsẹ̀ gbé mi lọ. Mo rò pé wọ́n á bínú... Wọ́n ti ìsọ̀ wọn pa. Wọ́n wá jókòó ní yàrá mi, wọ́n ń tú ọrùn aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ń tún un rán. Ọjọ́ méjì gbáko. Wọ́n ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì ní ohùn kẹ́lẹ́, òórùn kẹrosíìnì wà lára wọn... mi ò mọ̀ bóyá mo sùn tàbí mo jí. Ó dà bí ẹni pé ìyá mi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Aṣọ náà bá àwọn ọmọ náà mu. Iṣẹ́ mìíràn tẹ̀ lé e. Bàbá yín àgbà tú ẹrù, ó kan tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Mo san owó ẹgbẹ́ pé, èmi náà sì dúró fún obìnrin mẹ́ta nínú àwa tí wọ́n dá dúró níbi iṣẹ́. Ọ̀kan sá lọ. Èmi ni mo san tirẹ̀. Kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Lónìí ńkọ́? Orí fóònù lẹ ti ń yáwó, ẹ ò tilẹ̀ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó yára, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí ọ̀kan nínú yín tó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, tí àwọn tó yá a lówó ń dẹ́rù bà á lórí fóònù, tó ń dá sunkún. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ó yáwó.

Ìyá Rántí ti lọ tipẹ́. Bí ẹ bá máa yáwó, ẹ yá a. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ẹnì kan mọ ojú yín lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹ̀yin náà mọ tirẹ̀. Ìyẹn... ìyẹn ni mi ò rí mọ́.