Wọ́n Ní Mo Jí Iná Ilé-Ẹ̀kọ́

Ògo! Ẹ jẹ́ n tún un pè: Ògo! Ògo fún Ọba tí kò jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ mi nulẹ̀ n'Ìjerò! Ẹ̀yin ará, orúkọ olè ni ǹ bá máa jẹ́ lónìí. Ẹ bá mi dúpẹ́.

Ẹ mọ̀ pé èmi ni mò ń tẹ̀wé nílé-ẹ̀kọ́ tó wà lọ́nà Ìpótì. Nígbà tí wọ́n kó kọ̀ǹpútà mẹ́ta dé láti Àkúrẹ́, èmi ni wọ́n fi ṣe olùtọ́jú wọn. Inú mi dùn! Jẹnẹrétọ̀ kékeré kan ló ń gbé wọn. Ṣùgbọ́n kó tó wákàtí kan, yóò kérora, yóò kú. Ojoojúmọ́ ni.

Ni oníná ilé-ẹ̀kọ́ bá wá wò ó. Ó ní kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ń jẹ ọgọ́fà wáàtì, nítorí náà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò gbọdọ̀ fà ju ámpíà kan àbọ̀ lọ. Ó fi míta wọn wáyà: ámpíà méjì àbọ̀! Ó yíjú sí Pirinsípà. "Sà, ẹnìkan ń fa iná yìí gba ibòmíràn lọ."

Ta ni ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ọgbà? Èmi. Ta ló ní fírísà tó fi ń ta omi dídì? Èmi náà ni. Pirinsípà pè mí. "Ìyá Bọ́sẹ̀, mo fún yín di Ọjọ́rú. Ẹ jẹ́wọ́ ibi tẹ́ ẹ gbé wáyà gbà, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ màá kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ẹ̀kọ́ kí wọ́n dá yín dúró."

Wọ́n gbẹ́ ẹ̀yìnkùlé mi. Wọ́n hú ẹ̀gẹ́ mi dànù, wọn ò rí wáyà. Wọ́n ní mo ti yára ká a ni! Ìyá mi ń sunkún: "Kò sí olè nínú ulé wa rí." Ẹ jẹ́ n má purọ́ níwájú pẹpẹ, mo bínú s'Ólúwa. Mo ní, "Baba, Ìwọ tó O mọ̀ pé n ò mú nǹkan kan, ṣé báyìí lO ṣe máa wò mí níran?"

Ẹ yin Olúwa! Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Bàbá Ìlá dé, arúgbó oníná tó jókòó síwájú yẹn. Wọ́n tú gbogbo wáyà ọgbà kúrò lára jẹnẹrétọ̀. Wọ́n so gílóòbù mẹ́fà mọ́ ọn, ọlọ́gọ́ta wáàtì, tó bá ti kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba. Míta ní ámpíà kan àbọ̀. Wọ́n yọ gílóòbù, wọ́n so kọ̀ǹpútà nìkan. Kò sí fírísà, kò sí ẹ̀yìnkùlé, kò sí Ìyá Bọ́sẹ̀. Méjì àbọ̀!



Bàbá ní, "Iná yìí ń ga, ó ń rẹlẹ̀. Gílóòbù ń mu ún bó ṣe ń bọ̀. Kọ̀ǹpútà ń dúró dìgbà tó bá ga tán, kó tó gbé e mì gbàmù. Iṣẹ́ tó ń fi í ṣe ò pọ̀ ju ti gílóòbù lọ, àmọ́ ìgbémì yẹn ń ni jẹnẹrétọ̀ lára. Bí iṣẹ́ ṣe tó sí ẹrù tí wáyà ń gbé, òun ni wọ́n ń pè ní páwà fákítọ̀. Ti ìwọ̀nyí ò ju mẹ́fà nínú mẹ́wàá."

Oníná wa ní òun ti so kapásítọ̀ tí í ran iná lọ́wọ́ mọ́ ọn rí, kò gbọ́. Bàbá rẹ́rìn-ín. "Oògùn ẹ̀rọ tó ń yí nìyẹn, ọmọ mi. Ti ọ̀jẹun yìí yàtọ̀." Wọ́n fi wáyà tí wọ́n wé mọ́ irin wíwúwo sójú ọ̀nà iná, kí kọ̀ǹpútà má lè gbé e mì lẹ́ẹ̀kan. Míta rọlẹ̀ sí méjì. Jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ títí a fi jáde ilé-ẹ̀kọ́! Ẹ ṣeun, Baba!

Pirinsípà ṣí fìlà. "Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ dárí jì mí. Ìṣirò wa ló jalè." Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ náà, òun fúnra rẹ̀ ru igi ẹ̀gẹ́ wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbìn ín padà.

Ìwọ tí ìṣirò ènìyàn ti dá lẹ́bi, má sá lọ. Ó ku ìwọ̀n kan tí wọn ò tíì gbé jáde. Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá. Ẹ̀gẹ́ yẹn ti ń yọ ewé. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó yà lẹ́yìn ìsìn, kó wá wò ó.