Mo Fi Irinṣẹ́ Éloi Pamọ́ Sábẹ́ Eré

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ àtẹ́wọ́ dúró ná. Ẹ̀gbọ́n Gervais, ẹ má tíì gbé kọ̀ǹpútà ẹ̀bùn yẹn lé mi lọ́wọ́. Bí mo bá gbà á láìsọ òótọ́, mi ò ní sinmi mọ́ láyé. Ẹ ní èmi Bàṣírátù ni mò ń jẹ́ kí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tètè rí irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ lórí ìkànnì íńtánẹ́ẹ̀tì tí a jọ dá sílẹ̀ ní Dásà yìí. Irọ́ ni. Ọ̀kan wà tí mo fi pamọ́, ẹni tó sì ṣe é ló jókòó lẹ́yìn yẹn, tó gbé iṣu wá láti oko wọn ní Soclogbo láti fi kí mi kú oríire.

Éloi, má wò mí bẹ́ẹ̀. Ìwọ lo ṣe irinṣẹ́ tí kì í jẹ́ kí ohun tí èèyàn kọ sínú fóònù sọnù bí rẹ́sò, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bá lọ. Ta ni ò mọ bí rẹ́sò ṣe ń lọ lẹ́yìn àwọn òkè wa yìí? Èmi náà ń ṣe irú ẹ̀ lọ́wọ́, àmọ́ tèmi ò gbéra nílẹ̀, tìrẹ ń ṣiṣẹ́ geere. Ìlara bò mí mọ́lẹ̀. Èmi ni mo sì ń to irinṣẹ́ sábẹ́ orúkọ tí àwọn èèyàn fi ń wá wọn. Mi ò ṣèèṣì o. Mo gbé tìrẹ sábẹ́ eré, sáàárín bọ́ọ̀lù àti ayò. Ta ló máa wá a débẹ̀?

Ẹ̀yin ará, Éloi ń bi mí ṣáá pé, "Bàṣírà, ṣé ẹnikẹ́ni ti mú un lò?" Mo ní, "Rárá o, bóyá kò wúlò fún wọn ni." Ẹ gbọ́ ẹnu burúkú!

Èyí tó burú jù ń bọ̀. Lọ́jọ́ tí Éloi fẹ́ ta kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó kọ́kọ́ yà sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi lọ́jà. Ó ní, "Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ti lo irinṣẹ́ mi, mi ò ní ta kọ̀ǹpútà yìí. Sọ òótọ́ fún mi, ṣé mo mọ iṣẹ́ yìí?" Ọ̀rọ̀ kan péré ì bá dá a dúró. Mo wojú rẹ̀ kòrókòró, mo ní, "Padà sóko bàbá ẹ." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dúpẹ́ o! Ó ní ọ̀rẹ́ tòótọ́ ni mí, ó sì lọ ta kọ̀ǹpútà náà.

Láàárọ̀ yìí, mo gbé irinṣẹ́ náà sí àyè tó yẹ ẹ́. Kí n tó dé ibí, obìnrin kan ti kọ̀wé láti Pàràkú: "Ta ló ṣe èyí? Ó pẹ́ tí a ti ń wá irú ẹ̀." Fóònù mi rèé, Éloi, wá kà á fúnra rẹ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá ní kí ẹ máa fọ̀nà han èèyàn, tí ẹ sì rí i pé ẹnì kan fẹ́ ta yín yọ, ẹ tètè gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Éloi, mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí. Ẹ̀gbọ́n Gervais, òun ni kí ẹ gbé kọ̀ǹpútà yẹn fún. Iṣu tí o gbé wá, Éloi, gbé e padà. Mi ò ní ẹnu tí màá fi jẹ ẹ́.