Ohun Tí Mo Fi Kápẹ́ẹ̀tì Bò Nínú Ọkọ̀ Màmá Tíṣà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ mi. Ọ̀rọ̀ kan wà níkùn mi tó ti di ẹrù. N kò lè sọ ọ́ fún ìyàwó mi. N kò lè sọ ọ́ fún lèmọ́mù wa. Ẹ̀yin tí n kò mọ̀, tí ẹ kò sì mọ̀ mí, ẹ̀yin ni ẹnu mi yá láti sọ ọ́ fún.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ báyìí ni pé wọ́n fẹ́ kó ìyá àgbàlagbà kan kúrò nílé ara rẹ̀ níparí oṣù yìí. Wọ́n ní orí rẹ̀ kò pé mọ́. Orí rẹ̀ pé. Èmi ni mo mọ̀ pé ó pé, èmi náà ni mo sì jẹ́ kí wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ pánẹ́ẹ̀lì ni mò ń ṣe. Àwa la máa ń lu ara ọkọ̀ tó bá tẹ̀, tí a máa ń gé irin tó bá ti jẹrà, tí a máa ń jó tuntun mọ́ ọn. Apá Oregun ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, lẹ́yìn ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike. Tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ tó bá forí sọ nǹkan ni wọ́n máa ń gbé wá. Ní báyìí, ọkọ̀ àtijọ́ ló wọ́pọ̀. Àwọn èèyàn á wọ́ ọkọ̀ tí bàbá wọn gùn wá látinú igbó ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á ní ká sọ ọ́ di tuntun. Mo mọ̀ ọ́n ṣe. Kì í ṣe pé mò ń fọ́nnu o.

Bí ẹ bá ha ọ̀dà ara ọkọ̀ àtijọ́ kúrò, ẹ ó rí ìwà gbogbo ẹni tó ti tún un ṣe ṣáájú yín. Mo ti bá ìwé ìròyìn nínú ilẹ̀kùn rí. Mo ti bá sìmẹ́ńtì. Ẹnì kan fi àkísà di ihò, ó fi pọ́tì rẹ́ ẹ, ó kùn ún, ó sì ń dán. Nígbà mìíràn a máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, nígbà mìíràn a máa ń ṣépè. Mo ti ṣépè fún ọ̀pọ̀ èèyàn tí n kò mọ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó padà sórí mi.

Màmá Tíṣà gbé ọkọ̀ tirẹ̀ wá lẹ́yìn òjò ọdún tó kọjá. Fọ́síwágìn kékeré ni, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí rùbùtù, tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú, tí òun náà jẹ́ tíṣà, ló ni ín. Ara Èkìtì ni màmá, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó sì ń dá gbé nílé rẹ̀ lápá Ogba. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń wakọ̀. Bí ẹ bá ní kí ẹ bá a wà á, ìjà dé nìyẹn. Ó fẹ́ kí ọkọ̀ náà tàn kó tó di ọjọ́ ìrántí ọkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ìlú wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ mọ irú ẹni tó jẹ́. Ojoojúmọ́ ló ń wá. Ó ní àga tirẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò wa, á jókòó síbẹ̀, á máa jẹ ẹ̀pà, á máa wo iṣẹ́. Alágbẹ̀dẹ ló ń pè mí. Bí mo bá da òyìnbó mọ́ Yorùbá, á ní kí n mú ọ̀kan, kí n má pa méjèèjì. Gbogbo irin tí mo bá yọ ló máa ń dìde wá wò.

Òun ló sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé ìsàlẹ̀ ọkọ̀ yẹn kò lè bàjẹ́ láé. Ó ní ọkọ òun máa ń sọ pé ọ̀gá kan ní Agege ti fi irin tuntun sí i. Ó dárúkọ ọ̀gá náà. Ọ̀gá mi ni. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, tí mo gbé nílé rẹ̀ láti kékeré, tí ìyàwó rẹ̀ ń bu oúnjẹ fún mi kó tó bu fún ọmọ tirẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún màmá, inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó ní Ọlọ́run ló darí òun wá.

Ọjọ́ kejì ni mo ká kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ àga dẹ́rẹ́bà.

Ọ̀dà títì ni mo kọ́kọ́ rí, ó nípọn. Mo fi òòlù kàn án. Irin tó dáa máa ń dún, eléyìí kò dún. Mo ha á. Agolo mílíìkì ni mo bá, wọ́n ti lù wọ́n pẹlẹbẹ, wọ́n tò wọ́n lé ara wọn, wọ́n ṣẹ́ etí wọn sínú bí ẹni ń ṣẹ́ etí aṣọ. Irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun. Irin tí àga dẹ́rẹ́bà ń rìn lé síwájú sẹ́yìn, orí agolo ló dúró lé.

Ṣíṣẹ́ etí yẹn ni mo fi mọ̀. Kò sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn ní gbogbo Agege tó máa ń ṣẹ́ etí páànù báyẹn. Iṣẹ́ wa ni. Iṣẹ́ ọ̀gá mi ni, mo sọ bẹ́ẹ̀ lọ́kàn mi.

Màmá wà níta, ó ń bó ẹ̀pà. Bí mo bá gbé iná sí i, á dìde wá wò, á rí agolo. Á béèrè ẹni tó ṣe é. Mo rántí ọ̀gá mi, tó ti di arúgbó, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí àwọn èèyàn ṣì ń dọ̀bálẹ̀ fún ládùúgbò. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn.

Mo gbé páànù tuntun kan lé orí agolo yẹn. Mo fi iná kàn án níbi tó bá gbà. Ibòmíràn kò gbà, nítorí kò sí irin lábẹ́ rẹ̀ tó máa gbà á. Mo fi ọ̀dà títì kùn ún. Mo da kápẹ́ẹ̀tì padà. Mo jókòó sórí àga náà, mo mì í, kò yẹ̀. Mo ní Alhamdulillah.

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe pé n kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ gbọ́dọ̀ yọ ara ọkọ̀ kúrò lórí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ gé gbogbo ohun tó jẹrà, kí ẹ fi odidi irin sí i. Mo ti ṣe é fún ẹlòmíràn rí. Tí mo bá ṣe é lófẹ̀ẹ́ fún màmá, kò ní pa mí. Agolo yẹn ni n kò fẹ́ kó rí.

Àwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀ ni mo fi kun ọkọ̀ náà. Ọjọ́ tó wá gbé e, ó jó yí i ká. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó gbàdúrà títí orúnkún fi ń ro mí. Nígbà tó dé láti ibi ìrántí, ó fi iṣu Èkìtì ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní bó bá ń kọjá ní Dopemu, àwọn ọlọ́kadà á máa hó yèè, òun náà á fun fèrè ọkọ̀ fún wọn. Mo jẹ iṣu náà. Ó dùn.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni ó ṣẹlẹ̀. Ó ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó fẹ́ yà sí ilé rẹ̀, ni ọkọ̀ kò bá dúró mọ́. Ó gun gọ́tà, ó lọ kọlu ògiri ilé kejì. Kò sí ẹni tó kú, mo dúpẹ́. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kán, iwájú orí rẹ̀ bẹ́. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin dé, ó gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ó ní bíréèkì ni màmá rò pé òun tẹ̀, pé iná tó ń mú ọkọ̀ sáré ló tẹ̀. Gbogbo àdúgbò ní ọjọ́ orí ni. Wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà wá fún mi, wọ́n ní kí n tún imú rẹ̀ ṣe, àwọn fẹ́ tà á.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo ká kápẹ́ẹ̀tì. Irin àga ti fa páànù mi ya, ó fa agolo tẹ̀ lé e. Àga ti yọ sẹ́yìn pátápátá. Nígbà tó na ẹsẹ̀ láti tẹ bíréèkì, àga ló gbé e sá sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kàn án. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku.

Mo pinnu láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ ọ́ láìjẹ́ kí ọ̀gá mi gbọ́, nítorí orúkọ rẹ̀ ló máa bàjẹ́. Mo lọ bá a ní Agege. Ó wà lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò wá láti bá yín jà."

Ó ní, "Ìjàpá Tíṣà ara Èkìtì? Èmi kọ́ ni mo ṣe é. Ìwọ ni."

Mo ní rárá. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ Iléyá ni. Mo lọ s'Íjẹ̀bú lọ sìnkú ẹ̀gbọ́n mi. Irin wà nílẹ̀, mo ní kó o gé e kó o tó lọ sílé. O fẹ́ tètè lọ jẹran. Nígbà tí mo dé, ọkọ̀ ti lọ."

N kò fẹ́ rántí, ṣùgbọ́n ó padà sí mi lọ́kàn. Ọ̀dà gbígbóná yẹn jó mi látàǹpàkò, mo sì fi ọwọ́ dídì lọ sílé ọdún. Àpá rẹ̀ ṣì wà. Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ fún àwọn èèyàn pé iná wẹ́dà ni.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò pe ọlọ́kọ̀ padà. Ó ní òun rí agolo náà nígbà tí Tíṣà, ọkọ màmá, tún gbé ọkọ̀ wá tún ilẹ̀kùn ṣe. Ó ní, "Ojú tì mí. Ṣé kí n sọ fún un pé ọmọ kékeré ni mo gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún? Mo ní tó bá tún gbé e wá, màá ṣe é. Kò gbé e wá mọ́." Ó yí ojú sí ògiri. Ó ní bí mo bá fẹ́ sọ ọ́, kí n sọ ọ́, òun kò dí mi lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni àwáwí mi ṣe tán. Èmi tí mo ní mò ń bo ọ̀gá mi láṣìírí, ara mi ni mò ń bò. Àwọn tí mo ti ṣépè fún lórí ọkọ̀ àtijọ́, èmi náà wà nínú wọn.

Sọ́ńdè tó kọjá, mo lọ sílé màmá. Mo ti pinnu pé màá sọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò tí wọ́n fi so ó kọ́rùn. Kí n tó jókòó, ó ti ń bẹ̀ mí. Ó ní, "Alágbẹ̀dẹ, má bínú, mo ba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ jẹ́."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó wò. Òun ló ń bẹ̀ mí.

Ó ní òun kò gbẹ́kẹ̀ lé ara òun mọ́. Bó bá pa gáàsì tán, á tún padà lọ wò ó. Ó ti fi kíláàsì àwọn ọmọdé sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, torí ó ń bẹ̀rù pé òun á gbàgbé ohun tí òun ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn níparí oṣù, kí wọ́n fi ilé háyà. Kò fẹ́ lọ. Ó ní ṣùgbọ́n bóyá òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

Ó wá bi mí. Ó ní, "Ìwọ lo mọ ọkọ̀ yẹn ju gbogbo wa lọ. Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi wá bíréèkì, mi ò bá a níbẹ̀. Ṣé bíréèkì lè kúrò láyè rẹ̀ ni, àbí orí mi ni?"

Mo ní, "Màmá, bíréèkì ò kúrò láyè rẹ̀ o."

Bẹ́ẹ̀ ni, kò kúrò. Àga ló kúrò. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, mo sì mọ ohun tó máa gbọ́.

Ó mi orí. Ó ní, "Ó dáa. A jẹ́ pé orí mi ni." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní gbogbo àwọn tó kù ń fi dídùn bá òun sọ̀rọ̀, èmi nìkan ló sọ òótọ́ fún òun. Ó ní kí wọ́n fún mi ní mínírà. Mo mu ún, mo kí i, mo jáde.

Mo ti padà dé ẹnu géètì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà. Mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé, ẹsẹ̀ mi á kọ̀ láti wọlé. Àwọn tó fẹ́ ra ọkọ̀ ń pè mí, n kò gbé e. N kò ní jẹ́ kó jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò dá màmá dúró sílé rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bú mi bí ẹ bá fẹ́ bú mi, mo gbà. Àmọ́ ẹ má kàn sọ fún mi pé kí n lọ bẹ Ọlọ́run. Òun ni mò ń bẹ̀ láràárọ̀. Màmá ni n kò tíì bẹ̀. Bó bá ṣílẹ̀kùn, tó tún pè mí ní olóòótọ́, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?