Ọmọ Tó Ń Kó Èédú Sínú Rélùwéè

Nínú bọ́ọ̀sì ní Peckham nílùú òyìnbó, bàbá àgbàlagbà kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ń sọ̀rọ̀ níwájú mi.

"Ìjọba ti rélùwéè yẹn pa, àwọn ará abúlé sì ṣí i padà fúnra wọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Daddy. Volunteers ni gbogbo wa."

"Níbo ló ń lọ?"

"Ó kàn ń lọ, ó ń bọ̀ ni."

"Kí lo wá ń ṣe níbẹ̀ ní gbogbo Saturday?"

"Mo ń kó èédú síná ẹ́ńjìnnì."

Bàbá náà yíjú sí i.

"Iṣẹ́ tí mo ṣe n'Ìbàdàn nìyẹn. Torí kí ọmọ mi má baà ṣe é ni mo ṣe wá síbí."

"Ẹ ò sọ fún mi rí!"

Inú ń bí bàbá náà ni o, inú rẹ̀ dùn ni o, n ò lè sọ. Ó ní, "Wọ́n ń fún yín ní ìbọ̀wọ́ ṣá?"