Ọ̀dọ̀ Àwọn Tó Ń Bọ́ Bàtà Ni Ọlọ́run Fi Ọmọ Mi Pamọ́ Sí

Ẹ bá mi ké Halelúyà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ké e kó ròkè ju bí èmi fúnra mi ṣe lè ké e lọ, torí ó ti rẹ̀ mí. Ọpẹ́ kò rẹ̀ mí o, ara ló rẹ̀ mí. Ọlọ́run tó gba Dámilọ́lá ọmọ mi lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ dáná sun ún láàyè, Ìwọ ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ. O ṣé, Bàbá. O ṣé, o ṣé.

Mi ò rò ó tẹ́lẹ̀ pé màá kọ ẹ̀rí yìí sílẹ̀. Mo ti fi ẹnu jẹ́ ẹ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì rò pé ìyẹn tó. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìkìlọ̀ kan wọlé sórí fóònù mi lórí WhatsApp àwa òbí. Ohùn obìnrin ni, ó ń mí hẹlẹ. Ó ní: “Ẹ̀yin ìyá Ìkòtún, ẹ̀yin ti Ìgàndó, ẹ mú ọmọ yín wọlé o! Àwọn kan ti dé, wọ́n láwọn ń ṣiṣẹ́ ìlera fún òyìnbó. Irọ́ ni! Ọmọ ni wọ́n ń kó. Tẹ́ ẹ bá rí wọn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ!” Kí n tó gbọ́ ọ tán, àwọn mẹ́ta ti dáhùn pé, “Ẹ ṣé, a ti fi ránṣẹ́ sí àwọn ará ibi tiwa.”

Mo jókòó sórí àga ìránṣọ mi, mo tún un gbọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ tèmi wà lára “àwọn kan” yẹn. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé.

Ẹgbẹ́dá ni mò ń gbé, aṣọ ilé-ìwé ni mò ń rán. Dámilọ́lá ni àkọ́bí mi. Ó kàwé gboyè nípa ìlera ará ìlú, ó sin ìlú tán, ó sì jókòó sílé láìríṣẹ́ títí ojú fi ń ti òun àti èmi. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ aláàánú kan láti òkè òkun, tó ń rí sí ìlera àti ìdàgbàsókè àdúgbò, gbà á gẹ́gẹ́ bí ìntáànì, ìyẹn ẹni tó ń fi iṣẹ́ ṣíṣe kọ́ṣẹ́. A yọ̀! Ọkọ mi béèrè pé, “Ìlú wo ni wọ́n ń gbé e lọ?” Mo ní, “Ọ̀nà Ìjẹ̀gùn ni.” Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Òkè òkun tí wọ́n ń gun ọ̀kadà lọ!”

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo mọ ọ̀nà Ìjẹ̀gùn. Mo mọ kòtò rẹ̀, mo mọ páìpù epo tó gba ibẹ̀ kọjá, mo sì rántí iná tó jó níbẹ̀ nígbà kan. Láràárọ̀ ni mò ń yẹ fóònù rẹ̀ wò bóyá iná kún inú rẹ̀. Láràárọ̀ ni mò ń sọ fún un pé, “Má gun ọ̀kadà tó bá ti gbé ẹnì kan tẹ́lẹ̀.” Òun náà á ní, “Mọ́mì, mo ti gbọ́ jàre.”

Iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n máa lọ láti ilé dé ilé. Wọ́n ní téèpù kékeré kan tí wọ́n fi ń wọn apá ọmọ kékeré. Tí ìwọ̀n náà bá bọ́ sí ibi pupa, a jẹ́ pé oúnjẹ ò tó ọmọ náà, wọ́n á sì mú un lọ gba ìtọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi tí mò ń fi téèpù jẹun, inú mi dùn pé téèpù ni wọ́n fi ń ran ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó wọn apá ẹnikẹ́ni, wọ́n á kọ́kọ́ bi ìyá pé ọmọ mélòó ló ní. Tí wọ́n bá ṣe tán, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye ọmọ náà sára ilẹ̀kùn, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀ pé wọ́n ti dé ibẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Dámilọ́lá sọ fún mi pé, “Mọ́mì, bí mo bá ti béèrè iye ọmọ, ojú àwọn ìyá á yí padà. Ọ̀kan ní kí n lọ ka ti ìyá mi.”

Mo ní, “Kò jẹ̀bi. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Sọ fún ọ̀gá yín.”

Ó sọ fún un. Òyìnbó obìnrin ni ọ̀gá wọn, kò tíì pẹ́ tó dé. Ìyẹn dáhùn pé bí àwọn ṣe ń ṣe é ní gbogbo orílẹ̀-èdè nìyẹn, kò sì sí ẹni tó bínú rí. Mo gbàdúrà sí i, mo sì padà sídìí ẹ̀rọ mi.

Ẹ̀yin ará, ọjọ́ náà dé. Ọmọ kékeré kan dàwátì ládùúgbò tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí òun àti Dámilọ́lá jọ máa ń rìn ò wá síṣẹ́ lọ́jọ́ náà, Dámilọ́lá nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹnì kan tọ́ka sí ilẹ̀kùn ilé ọmọ tó sọnù, ó ní, “Ẹ ò rí nọ́ńbà? Wọ́n ti sàmì sí i!” Ọ̀rọ̀ di ariwo. Gbọ́mọgbọ́mọ! Gbọ́mọgbọ́mọ!

Èmi wà nínú ṣọ́ọ̀bù, mò ń gbé kọ́là sí aṣọ. Fóònù dún, nọ́ńbà ọmọ mi ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kọ́. Obìnrin àgbà kan ló ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: “Ṣé ẹ̀yin ni Mọ́mì tó wà nínú fóònù yìí? Ẹ má pariwo. Ọmọ yín wà lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ bọ́ bàtà kẹ́ ẹ tó wọlé.” Ó júwe ibẹ̀, ó pa fóònù.

Jésù! Kí ni ti bàtà nínú ọ̀rọ̀ yìí? Mo rò pé àwọn ajínigbé ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Mo pe ọkọ mi níbi iṣẹ́, ó ń kígbe pé, “Má dá lọ! Pe àwọn ọ̀gá rẹ̀!” Mo pe ọkùnrin tó ń darí àwọn ìntáànì, ó ní, “Mà, a ti wà lọ́nà pẹ̀lú ọlọ́pàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró sílé.”

Ta ló fẹ́ dúró sílé? Mo gun ọ̀kadà, èmi tí mò ń fi ọ̀kadà dẹ́rù ba ọmọ. Ọlọ́kadà náà ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ. Ó ní, “Mọ́mì, ibẹ̀ gbóná o. Wọ́n ti mú gbọ́mọgbọ́mọ kan. Obìnrin ni o, ẹ gbọ́! Obìnrin tó yẹ kó ti máa bímọ tiẹ̀!” Mi ò lè sọ fún un pé ọmọ mi ni. Mo di ẹ̀wù rẹ̀ mú, mò ń sọ pé, “Olúwa, Olúwa.”

Nígbà tí mo débẹ̀, èrò kún iwájú ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan. Mo rí táyà nílẹ̀. Mo rí jálá epo bẹntiróòlù. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì náà ni bàtà pọ̀ sí jù: sílípáàsì, kánfáàsì, bàtà bọ́ọ̀lù. Obìnrin kan tó wọ sùtánà dúró láàárín ọ̀nà. Gbogbo wọn ń pè é ní Ìyá Àdúrà.

Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kí n tó dé nìyí, bí Dámilọ́lá àti Ìyá Àdúrà ṣe sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ti sọ òkò bà á lórí, bàtà rẹ̀ kan ti já sọnù, ó sì ń sá lọ. Ó rí géètì tó ṣí sílẹ̀, ó sá wọbẹ̀. Ìyá Àdúrà jẹ́ kó kọjá, ó wá dúró dí ọ̀nà.

Wọ́n kígbe, “Mọ́mì, ẹ kúrò níbẹ̀! Gbọ́mọgbọ́mọ ni!”

Ó ní, “Mo gbọ́. Ẹni tó bá máa wọlé, kó bọ́ bàtà.”

“A ò wá jọ́sìn!”

“Ibi mímọ́ ni. Bọ́ bàtà ẹ, Kẹ́hìndé. Ṣebí ibí ni mo ti wẹ̀ ẹ́ nígbà tí ibà fẹ́ pa ẹ́?”

Ọ̀kan tó gbé táyà dání ní, “Àbí kí táyà yìí náà bọ́ bàtà?” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run wà nínú ẹ̀rín yẹn! Ẹni tó wọ bàtà olókùn ní láti bẹ̀rẹ̀ tú u. Ẹni tó sì wọlé, àṣà wọn ni pé kó kúnlẹ̀, kó forí kanlẹ̀ kó tó dìde. Wọ́n ń kúnlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú ọmọ mi, tó jókòó pẹ̀lú aṣọ funfun tí wọ́n fi di orí rẹ̀. Ẹni tó ti kúnlẹ̀, ó nira fún un láti dìde gbá ènìyàn létí.

Ibi tí nǹkan dé nìyẹn nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀. Mo ní, “Ọmọ mi! Èmi ni ìyá ẹ̀!” Ọ̀nà là. Ìyá Àdúrà wo ẹsẹ̀ mi, ó ní, “Ìyá ọmọ, ẹ bọ́ bàtà.” Ohùn tó pè mí lórí fóònù nìyẹn. Okùn sáńdáàlì mi takókó, mò ń fà á, kò tú. Ọ̀dọ́kùnrin kan bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, pátákó wà lábíyá rẹ̀. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ jẹ́ n bá yín tú u.” Ó tú u fún mi. Títí di òní ni mò ń rí àwọn ìka yẹn.

Àwọn tó wà níta ṣì ń pariwo pé ká mú un jáde. Ìyá Àdúrà wá béèrè pé, “Ọmọ tẹ́ ẹ ń wá, ta ló ti wá a dé ilé kéwú?” Àwọn méjì sáré lọ. Ìgbà yẹn pẹ́ lójú mi ju ọjọ́ tí mo rọbí Dámilọ́lá lọ. Tí wọn ò bá rí i ńkọ́? Mo di ọmọ mi mú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà lára aṣọ mi.

Wọ́n rí i! Ògo! Ó tẹ̀ lé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ilé kéwú, oorun gbé e lọ lórí ẹní lẹ́yìn ilé. Ìyá rẹ̀ gbé e wọlé wá, ó ń sunkún, òun náà bọ́ bàtà. Nígbà tí a máa fi wẹ̀yìn, táyà ti kúrò nílẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó gbé e.

Ọ̀gá ọlọ́pàá tó dé lẹ́yìn náà wò mí, ó ní, “Ìyá, ẹ máa dúpẹ́. Tí wọ́n bá pè wá sí irú èyí, òkú la sábà máa ń bá.” Dókítà tó rán ojú ọgbẹ́ náà ní, “Ká ní òkúta yìí sún wálẹ̀ díẹ̀ ni, ojú ọ̀tún ì bá lọ.” Kò lọ! Ẹ bá mi dúpẹ́, kò lọ!

Ẹgbẹ́ aláàánú náà jókòó pẹ̀lú baálẹ̀ àti àwọn ìyá àdúgbò. Òyìnbó yẹn bẹ̀bẹ̀, ó ní òun ì bá ti gbọ́ràn. Wọ́n ti pa ṣọ́ọ̀kì tì. Obìnrin àdúgbò kan ló ń mú wọn wọlé báyìí, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè iye ọmọ mọ́. Wọ́n á ní, “Àwo mélòó lẹ̀ ń bu oúnjẹ sí?” Àwọn ìyá á sì dáhùn.

Dámilọ́lá ti padà síṣẹ́. Mo kọ̀, mo sunkún. Bàbá rẹ̀ ní, “Jẹ́ kó lọ, ọmọ tí Ọlọ́run yọ ni.” Dámilọ́lá náà ní, “Mọ́mì, ọmọ kan wà níbẹ̀ tí apá ẹ̀ ṣì wà níbi pupa.” Mo jẹ́ kó lọ. Inú mi ò tíì balẹ̀, mi ò ní parọ́ níwájú Ọlọ́run. Títí ó fi ń dé nírọ̀lẹ́, mi ò lè rán aṣọ kan kó gún. Síbẹ̀, mò ń dúpẹ́, torí ó ń dé.

Ìwọ tó wà nínú ìṣòro, má rò pé ẹni tẹ́ ẹ jọ ń jọ́sìn nìkan ni Ọlọ́run lè rán sí ẹ. Àwọn aláṣọ funfun tí èmi kì í yà kí ni Ó rán sí mi. Dì Í mú, kódà tó bá rẹ̀ ẹ́. Ó ń gbọ́ àdúrà ẹni tó ti rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Tẹ́ ẹ bá rí ọmọ tí ẹ ò mọ̀ rí ládùúgbò yín, tí ariwo sì ti sọ, ẹ fún un ní àga kó jókòó, kẹ́ ẹ bi í pé ta ni ìyá ẹ̀, kẹ́ ẹ sì pè mí, tàbí kẹ́ ẹ pe ìyá yòówù tó bá dárúkọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ pè wá.