Ìka Tí Mo Nà sí Etí Àwòrán

Ẹ jókòó, ẹ̀yin awakọ̀. Ìwọ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn náà, jókòó. Ojú mi ló fọ́, etí mi ò di. Ẹ ní ẹ fẹ́ kọ orúkọ mi sára ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ yín, pé èmi ni mo kọ́ gbogbo awakọ̀ ọkọ̀ aláìsàn ìlú yìí ní ọ̀nà. Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹrù kan kalẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi tiẹ̀ ti fi ọdún mẹ́fà lé e. Dókítà ní ọkàn mi ń palẹ̀ mọ́, n kò sì fẹ́ gbé èyí wọ ibojì. Olè ni mí. Ẹ má wo ara yín lójú, orí mi pé.

Ẹ rántí ohun tí mo máa ń sọ fún yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ẹ ká àwòrán ìlú nílẹ̀, ẹ bọ́ síta. Ẹ wá òkè tí táǹkì omi wà kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀. Bí ẹ bá dé oríta, ẹ yí padà kí ẹ wo ẹ̀yìn, nítorí bí ọ̀nà ṣe rí lálọ kọ́ ló ṣe máa ń rí lábọ̀. Ẹ máa ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Kò sí ọ̀kan níbẹ̀ tó ti orí mi wá. Apínlẹ́tà kan ló ni gbogbo rẹ̀, Ìyá Onílẹ́tà là ń pè é. Ọdún méjìlélógún ló fi ẹsẹ̀ pín lẹ́tà nílùú yìí, kò sì ṣìnà rí. Háà, obìnrin yẹn! Ẹ ò lè rí irú rẹ̀ mọ́.

Èmi nígbà náà, ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀ ni mo wà, mò ń ya àwòrán ìlú. Mo lè ya gbogbo ọ̀nà láìgbé ojú sókè, ṣùgbọ́n bí ẹ bá já mi sílẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwòsàn, ẹkún ni màá fi wá ilé mi. Nígbà tó gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì ní kí n máa bá òun rìn ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Oṣù márùn-ún la fi rìn. Yóò ní, "Akọ̀wé, di ojú. Kí ni ẹsẹ̀ rẹ ń sọ?" Mo ní, "Ó ń sọ pé bàtà ń pa mí." Yóò ní, "Aláwàdà! Ilẹ̀ ń dà sísàlẹ̀, odò lò ń lọ. Òórùn búrẹ́dì ń bọ̀ lápá ọ̀tún, ilé ìwé ti kù díẹ̀." Nígbà tí mo fi àwòrán mi hàn án, ó fi ọwọ́ pa á bí ẹní ń pa ọmọ lórí. Ó ní, "Gbogbo ibi tí mo ti rìn rèé? O kú iṣẹ́ o." Ó wá yí ìwé náà títí apá òkè táǹkì lórí rẹ̀ fi kọjú sí òkè náà gan-an tí à ń wò lójú fèrèsé, ó ní, "Ó ti ń sọ̀rọ̀ báyìí." Mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò ní purọ́.

Ìgbà tó yá, ọkọ̀ aláìsàn ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀mí sì bá a lọ. Ìjọba ní kí wọ́n wá olùkọ́ kan tí yóò máa kọ́ àwọn awakọ̀ ní ọ̀nà. Ìyá Onílẹ́tà ní, "Akọ̀wé, orúnkún mi ti ń sunkún. Iṣẹ́ tí màá jókòó ṣe rèé." Èmi náà ti kọ̀wé béèrè fún iṣẹ́ náà. Nígbà tó gbọ́, ó dì mọ́ mi, ó ní ẹni tó bá rí i gbà nínú àwa méjèèjì, inú ilé ló wà.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Èmi ti ṣe tèmi láàárọ̀, mo ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún àwọn ọ̀gá mẹ́ta tó ń dán wa wò bí ẹni pé tèmi ni. Ó wá kan òun. Àwòrán tí wọ́n fẹ́ lò, ìlà ọ̀nà nìkan ló wà lórí rẹ̀, kò sí orúkọ, kò sí òkè, kò sí odò. Àmì pupa kan ló dúró fún ilé ìwòsàn. Iṣẹ́ mi ni láti máa tẹ́ àwòrán, èmi náà ni wọ́n sì ní kí n tẹ́ ẹ fún un. Àwọn ọ̀gá náà ní kó fi ìka tọ ọ̀nà láti ibẹ̀ dé ilé iṣẹ́ panápaná. Ó wo ìwé náà, ó kọjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Akọ̀wé, etí ìwé wo ló wà lápá òkè táǹkì?" Mo na ìka mi sí etí òdìkejì, apá odò. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mo mọ ohun tí mò ń ṣe. N kò ní sọ pé iṣẹ́ Èṣù ni.

Ó yí ìwé náà bí mo ṣe wí. Ìka rẹ̀ gbéra, ó yà, ó dúró, ó padà. Òógùn bò ó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń sọ ọ̀tọ̀, ìwé ń sọ ọ̀tọ̀, èmi ló sì gbà gbọ́. Nígbà tó dáwọ́ dúró, ọ̀gá kan ní, "Màmá, ẹ ti gbé ọkọ̀ aláìsàn wọnú odò o!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀ wọ́n, ó ní, "Ẹ má bínú, ó jọ pé orí mi ti ń dàrú." Nígbà tó fẹ́ jáde, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ló ṣí.

Èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti pín lẹ́tà mọ́, n kò sì yà sọ́dọ̀ rẹ̀ rí. Ìgbà tí ojú mi wá lọ, tí n kò lè rí ọ̀nà ilé ìwẹ̀ nínú ilé ara mi, ẹ̀kọ́ rẹ̀ náà ni mo fi ń rìn: atẹ́gùn fèrèsé lápá òsì, ilẹ̀ tó tutù níwájú. Lójoojúmọ́ ni obìnrin tí mo pa lára ń mú mi lọ́wọ́ dání. Ara mi ò gbà á mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi obìnrin mú mi lọ sílé Ìyá Onílẹ́tà, ó fi mí síbẹ̀, ó gba ibi iṣẹ́ lọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀.

Ó ní, "Nítorí náà, orí mi ò dàrú lọ́jọ́ yẹn?" Mo ní, "Kò dàrú, ìyá mi. Èmi ni mo purọ́." Ó ní, "Láti ọjọ́ yẹn, n kò dá kọjá oríta iwájú ilé yìí rí. Ọmọdé ni mo fi ń ṣe olùtọ́nà." Ó gbá mi létí. Ó sunkún, mo sunkún. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tó ń wá ọ̀pá rẹ̀. Ó ní, "Dìde, jẹ́ n mú ọ délé." A rìn. Ní oríta tó ní òun kì í dá kọjá yẹn, ó dúró, ó ní, "Yí padà, wo ẹ̀yìn." Mo ní, "Ìyá, n kò ríran mọ́." Ó ní, "Mo mọ̀. Yí padà." Mo yí padà. Títí a fi dé ẹnu ọ̀nà mi, kò sọ pé òun dárí jì mí, n kò sì lẹ́nu láti bi í.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín ní ọ̀nà, tó gbẹ́kẹ̀ lé yín, ẹ̀mí rẹ̀ ló kó lé yín lọ́wọ́ yẹn. Ẹ kọ Ìyá Onílẹ́tà sára ilẹ̀kùn yẹn. Ó ti gbà láti wá kọ́ yín lọ́jọ́ Ajé. Ẹ má rán ọkọ̀ lọ gbé e o. Ó ní òun mọ ọ̀nà.